Ìkòkò Ìyeyè Nínú Igbó Má-Tọ́ọ-Wò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ díẹ̀; ẹni tó ń tòògbé, kí aládùúgbò rẹ̀ jí i, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ ní ààbọ̀. Ọdẹ kan wà ní abúlé Ìdí-Ìyeyè, Ògúndíjọ ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Etí rẹ̀ mú débi pé bí ewé bá já nínú igbó, á sọ fún ọ bóyá atẹ́gùn ló já a tàbí ẹtu. Abẹ́ àtíbàbà ló máa ń jókòó sí tó bá ti oko ọdẹ dé, tí Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ wá bá a. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ọbẹ̀ ìyeyè, tí obìnrin náà ń fi ata, atalẹ̀ àti oyin sè títí yóò fi ki, tí wọ́n á máa fi jẹ iṣu sísun. Ọkùnrin yìí á jẹ, á lá ọwọ́, á sì tún gba inú igbó lọ.

Nígbà tí Àyìnkẹ́ bí Ọdẹ́yẹmí tán, ibà gbé e dálẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọ oúnjẹ. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, ó bì í. Wọ́n gbé omi ẹran wá, ó yíjú sí ògiri. Ọmú ń gbẹ, ọmọ ń ké, ọkọ kò sì mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Obìnrin náà ní ọbẹ̀ ìyeyè nìkan ni ọ̀fun òun lè gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀dá ọdún náà ti gbọn gbogbo òdòdó ìyeyè sílẹ̀, kò sí ibi tí èyí tó pọ́n kù sí bí kò ṣe Igbó Má-Tọ́ọ-Wò, ilé àwọn iwin, níbi tí alààyè tó bá tọ́ ohunkóhun wò ti ń di igi. Ògúndíjọ múra àtilọ síbẹ̀, àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó ní kí òun di igi sàn ju kí òun gbẹ́ sàréè fún Àyìnkẹ́.

Nígbà tó wọ igbó náà, ó rí iwin tó ń fi orí rìn, ó rí èyí tó ní ẹ̀yìn níwájú tó tún ní ẹ̀yìn lẹ́yìn. Wọ́n ń na àgbálùmọ̀ sí i, wọ́n ń bu oyin fún un, ebi sì ń pa á, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó rí àwọn igi tó ní ojú ènìyàn lára èèpo wọn. Apó ọdẹ ṣì wà ní èjìká ọ̀kan. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kó padà, ẹkún ọmọ tó ṣì wà létí rẹ̀ ní kó máa lọ.

Ìdí igi ìyeyè ni olùṣọ́ rẹ̀ wà, Ìyá Aláhọ́n, arúgbó iwin tí ahọ́n rẹ̀ wọ́ dé àyà. Ògúndíjọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Iwin náà ní èso òun kì í jáde ní tútù: ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni yóò ti fi ìkòkò àti èròjà òun sè é, láìtọ́ ọ wò. Bó bá jinná bó ṣe yẹ, kó gbé e lọ; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó wá àyè láàárín àwọn igi.

"Kí ni ìyàwó rẹ kọ́kọ́ ń dà sínú ìkòkò?"

"Ìyá, n kò mọ̀."

"Ìgbà wo ló ń fi oyin sí i?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Láti ìgbà wo lo ti ń jẹ ẹ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó."

Iwin náà wò ó tàánútàánú. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá rẹ nìyí, gbé e rù."

Ògúndíjọ jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ojú tì í, ìbànújẹ́ sì bò ó. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun mọ̀. Òun kò fi ojú rí i rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí òun gbọ́, imú òun sì gbóòórùn. Òórùn atalẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé abẹ́ àtíbàbà. Ata á tẹ̀ lé e, ajá á sín. Òórùn kíkan ìyeyè á wá dé, itọ́ á sì kún òun lẹ́nu. Ìkòkò á kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó bá yá á di pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni oyin máa ń ta sánsán. Ló bá fún ẹran ara ìyeyè kúrò lára kóró, ó dáná, ó da atalẹ̀ sí ìkòkò, ó da ata tẹ̀ lé e, ó da ìyeyè lé wọn, ó di ojú, ó sì ń ṣọ́ ìkòkò náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹtu.

Ọbẹ̀ ta sí i níka. Ìka náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ètè rẹ̀ kó tó mọ̀, nítorí ta ni í sè tí kì í tọ́ ọ wò? Igi tó gbé apó kérora. Kíá ni Ògúndíjọ nu ìka náà sí ṣòkòtò.

Nígbà tí ohùn ìkòkò wúwo, tí Ògúndíjọ sì da oyin sí i, Ìyá Aláhọ́n na ahọ́n sínú rẹ̀. Ó ní: "Ó jinná. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára rẹ̀ tí n kò ní sọ fún ọ. Ẹni tó ni ọbẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Máa lọ."

Eré ló sá délé, ọ̀rọ̀ àbùkù náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé ikú ìyàwó òun ni òun gbé sínú ìkòkò yìí? Nígbà tó wọlé, ọmọ kò ké mọ́, agbára ẹkún ti tán lára rẹ̀. Àyìnkẹ́ di ojú. Ògúndíjọ fi díẹ̀ sí i létè, kò mira. Ó tún fi díẹ̀ sí i. Ọ̀fun obìnrin náà gbé e mì.

"Bàbá Ọdẹ́yẹmí, ta ló sè é?"

"Èmi ni."

Àyìnkẹ́ tún tọ́ ọ wò, ó fajú ro. "Ẹ ò fi iyọ̀ sí i. Ẹ gbé mi dìde kí n tún un ṣe."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin tí kò lè gbé orí láti ọjọ́ yìí ni ó ní kí wọ́n gbé òun dìde nítorí iyọ̀. Ògúndíjọ gbé e, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àyìnkẹ́ bu iyọ̀ sí i, ó rò ó, ó jẹ, ó sì béèrè iṣu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, omi ọmú tún sun.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin: ẹni tó ń bọ́ wa ní ìmọ̀ tí a ń gbé mì láìbéèrè. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ tọ̀ ọ́ lọ nídìí ààrò, kí ẹ bá a rò ó, kí ẹ sì ṣe àṣìṣe níbẹ̀ nígbà tó ṣì lè bá yín wí.