Òkúta Tí Ìjàpá So Mọ́ Ìrù Rẹ̀

Àlọ́ o.

Ẹ dáhùn, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé èmi àti ògiri la jọ ń sọ̀rọ̀. Àlọ́ o.

Àlọ̀ ni, ìyá àgbà.

Kí ló wà lẹ́yìn onílé, tó jẹ́ pé bí onílé bá yíjú wò ó títí, kò ní rí i? Ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó gùn rí, àti pé ẹni tó ni ín ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di kúkúrú. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀, ó kọjá lára gbogbo ẹranko, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló lọ jókòó lé.

Láyé àtijọ́, ní ìlú àwọn ẹranko, wọn kì í fi okùn wọn ilẹ̀ oko, wọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìrù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, gbogbo wọn á pàdé ní etí pápá. Baba Etu, tó jẹ́ awọnlẹ̀ ìlú, á di ìrù ẹnì kọ̀ọ̀kan mú lórí, á fà á kó tọ́, á gé igi kan ní déédéé gígùn rẹ̀. Ogún igi yẹn níbùú, ogún lóòró, oko tìrẹ nìyẹn fún ọdún náà. Ẹni tí ìrù rẹ̀ gùn, iṣu rẹ̀ á pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò gùn, kó rọra máa jẹun. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ìrù gígùn ló ṣòfin.

Ìjàpá ní ìrù nígbà náà o. Kì í ṣe ìrù tí wọ́n ń pe ọmọ aráyé wá wò, ṣùgbọ́n ó tó ìka àgbàlagbà méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Oko tó ń rí lórí rẹ̀ ń bọ́ òun àti Yánníbo, ó sì ń ṣẹ́ kù. Ohun tí kò jẹ́ kó gbádùn ni pé oko Ìjímèrè ló bá tirẹ̀ pààlà. Ẹ mọ Ìjímèrè, ọ̀bọ pupa yẹn, tí ìrù ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìránṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni Ìjàpá ń dúró sí ààlà. Á wo ebè Ìjímèrè títí ojú rẹ̀ kò fi ní rí òpin rẹ̀, á wo ebè tirẹ̀, oúnjẹ á sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó pàdé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́nà odò. Ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́ ti fi díẹ̀ gùn ju ti èṣí lọ, ó sì ń gbé e bí ẹni gbé abẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, àbúrò mi, kí lò ń jẹ?"

"N kò jẹ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ Ìyá Òkété ni mò ń lọ."

"Kí ló ń fún yín níbẹ̀?"

"Òkúta."

Ìjàpá rò pé ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo ìrù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gba ọ̀nà ilé Ìyá Òkété láìdé odò.

Ìyá Òkété ń gbé inú ihò kan lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ìyá arúgbó ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ìjàpá bá Ìjímèrè níbẹ̀ lórí àpótí pẹlẹbẹ kan, aṣọ òwú wé mọ́ ìrù rẹ̀, àpò òkúta kékeré kan sì so rọ̀ lábẹ́ aṣọ náà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo fẹ́ kí ìrù mi gùn tó ti Ìjímèrè kí òjò tó rọ̀."

"Òjò ku oṣù méjì," ni Ìyá Òkété wí. "Ìjímèrè ti ń wá síbí láti ọdún mẹ́ta."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá ni?"

"Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í yá níbí. Ohun tó ń gùn sí i lọ́dún kò ju èékánná lọ, ẹlòmíràn kì í sì í rí i rárá. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, èyí tó o ní yẹn ti tó ìrù. Máa lọ sílé."

Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún Ìjàpá. Bí ẹ bá sọ fún un pé kó máa lọ sílé, ìgbà yẹn gan-an ló máa jókòó. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú ìyá náà, ìyá sì jókòó tì í.

"Etí rẹ dà? Aṣọ òwú ni kó o fi wé e, kó fẹ̀ tó ìka méjì. Má fi okùn tín-ín-rín kàn án, ó máa jẹ wọnú ẹran. Má fi irin ṣe é. Kókó tó o bá ta, kó jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè tú. Òkúta kan, kó tó ẹyin ẹyẹlé, títí oṣù á fi lé. Àpótí tó o máa jókòó lé, má jẹ́ kó ga ju ìbú ọwọ́ lọ, kó lè jẹ́ pé bí òkúta bá já, ilẹ̀ ló tètè máa gbà á. Jókòó níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ iṣu kan, kó o tú u. Máa fọwọ́ kan ìrù yẹn. Bó bá tutù, bó bá dúdú, tú u. Má sùn pẹ̀lú rẹ̀."

"Bí kò bá wá dun èèyàn mọ́ ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn ni kó o sáré bá mi."

Ìjàpá ń mi orí, ó ń sọ pé "ẹ ṣé, mà, ẹ ṣé." Nínú gbogbo ohun tí ìyá yẹn sọ, òkúta nìkan ló gbọ́. Ó ń rò ó lójú ọ̀nà pé bí òkúta kan bá fa ìrù díẹ̀, òkúta mẹ́wàá yóò fà á dé odò.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ìyá Òkété ní kí n gba òkúta rẹ. Ó fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó ní òkúta tó bá dọ̀tí kì í fa ìrù dáadáa."

"Òkúta náà ń dọ̀tí?"

"Ìwọ wò ó. Ṣé ó funfun ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó. Kò funfun. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, ó tiẹ̀ tún dúpẹ́.

Ìjímèrè kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìjàpá jókòó tì í pẹ̀lú ojú àánú.

"Ìjímèrè, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ìlú? Wọ́n ní bí ìrù rẹ bá fi lè gùn ju báyìí lọ, ìwọ ni wọ́n máa ní kó máa fi ìrù gbá ojú ọjà láràárọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"N kì í ṣe olófòófó."

Ìjímèrè kò fẹ́ràn iṣẹ́. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí tó fi kó gbogbo òkúta rẹ̀ dànù sí ẹsẹ̀ Ìjàpá pé kó bá òun gbé wọn jìnnà.

Báyìí ni Ìjàpá ṣe dé ilé pẹ̀lú òkúta mẹ́tàlá. Aṣọ òwú kò lè gbé wọn. Ó ya lẹ́ẹ̀kan, ó ya lẹ́ẹ̀kejì. Ó bá wọ inú igbó, ó sì mú okùn kan bọ̀, èyí tí ọdẹ kan gbàgbé sídìí pàkúté, tó tín-ín-rín bí irun.

"Ṣebí aṣọ òwú ni Ìyá Òkété ní kẹ́ ẹ lò?" ni Yánníbo bi í.

"Okùn yìí lágbára ju aṣọ lọ. Ó ti mú ẹran méjì rí, kò já."

"Ẹran méjèèjì dà?"

"Wọ́n ti kú."

"Baálé mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ?"

Kò gbọ́. Ó ti ń wo ọmọ ọlọ tí Yánníbo fi ń lọ ata. Ó gbé e kún òkúta.

"Kí ni kí n wá fi lọ ata báyìí?"

"Máa jẹ ẹ́ lódindi."

Àpótí pẹlẹbẹ kò wúlò fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Orí àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé ló gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gbun, ó jẹ́ kí òkúta mẹ́tàlá àti ọmọ ọlọ rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀, ó sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ:

Ìrù mi, gùn kó o dé odò,
Díẹ̀díẹ̀ ni.
Òkúta kan kò tó mi í so,
Díẹ̀díẹ̀ ni.
Ẹ so méjì, ẹ so mẹ́wàá,
Díẹ̀díẹ̀ ni.
Oko Ìjímèrè á di àkìtàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi,
Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Òun kò sọ ọ́.

Ọjọ́ kìíní, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó ń ta á bí ìjàlọ. Ọjọ́ kẹta, ìrù náà wú, ó sì tutù bí ẹja. Ọjọ́ kẹrin, ó dúdú bí èédú, kò sì dùn ún mọ́ rárá. Inú Ìjàpá dùn dé ọrùn.

"Yánníbo, wá wò ó. Ìrù ti gbà fún mi. Kò bá mi jà mọ́."

Ó sùn pẹ̀lú òkúta lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Òjò kò dúró de oṣù méjì tí wọ́n fún un. Fèrè Baba Etu dún láti pápá pé kí gbogbo ayé wá gba oko.

Yánníbo kò dúró mọ́. Ọ̀dọ̀ Ìyá Òkété ló sá lọ, ó sì fà á lọ́wọ́ wá.

Ìjàpá rí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ wò ó bó ti gùn. Ó ti lé ní ìlọ́po méjì. Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́."

"Mo ti dì í mú láti ìgbà tó o ti ń sọ̀rọ̀," ni Ìyá Òkété wí.

Ìjàpá yíjú wẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá náà wá ibi tí okùn wà. Okùn ti wọlé, ẹran ti bò ó. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan nínú àpò rẹ̀. "Jẹ́ kí n gé okùn yìí. Bóyá apá kan ṣì wà tí ẹ̀jẹ̀ máa padà sí."

"Bí ẹ bá gé e, ṣé kò ní súnkì padà?"

"Wíwú ni èyí tó ò ń wò yẹn. Á padà sí bó ṣe wà."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ná. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ gé e bó ṣe wù yín."

"Kò ní dúró de ìwọ̀n."

"Baálé mi," ni Yánníbo wí, "èmi kò béèrè oko ńlá lọ́wọ́ yín. Oko wa ti èṣí bọ́ wa."

"Ìwọ kò rí iṣu Ìjímèrè."

"Mo rí i. Kò wọ inú ìkòkò mi, n kò sì sunkún."

Kò gbọ́. Ó kó òkúta kúrò, ó fi okùn sílẹ̀ níbi tó wà, ó wé ewé mọ́ ọn, ó sì wọ́ ìrù náà lọ sí pápá bí ẹni wọ́ agbádá.

Wọ́n ti wọn Ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n ti wọn Ìjímèrè. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta wa ńkọ́?"

"Ìyá Òkété ṣì ń fọ̀ wọ́n."

"Kí ni mò ń fọ̀?" ni Ìyá Òkété bi í lẹ́yìn rẹ̀.

Kó tó rí èsì, Baba Etu pe orúkọ rẹ̀. Ìjàpá jáde síwájú. Ìrù náà nà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ojú yí sí i. Ìjímèrè gan-an dìde dúró kó lè rí i dáadáa.

"Ìjàpá, ìrù rẹ ti dàgbà."

"Ìtọ́jú ni, bàbá."

Baba Etu bẹ̀rẹ̀, ó di ìrù náà mú lórí, ó sì fà á kó tọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Kò fà á le. Ó yọ wọ́ọ́rọ́ bí ewé ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n. Baba Etu dúró pẹ̀lú ìrù lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìjàpá kọjú síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn.

"Ó tó mélòó, bàbá?"

"Ó gùn," ni Baba Etu wí. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà."

Ìjàpá yípo. Ó rí i. Ó ronú díẹ̀, kò sì tijú.

"Tèmi náà ṣì ni. Gbogbo yín rí i pé ara mi ló ti jáde. Ẹ fi wọn ilẹ̀."

"Ìrù tó wà lára la fi ń wọn ilẹ̀. Bí a bá ń lo èyí tó wà lọ́wọ́, gbogbo ìlú ni yóò máa ru ìrù òkú ẹran wá síbí lọ́dọọdún."

Wọ́n wọn ohun tó kù. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Baba Etu gé igi tó ṣe kékeré bẹ́ẹ̀, ó fi wọn ogún níbùú, ó fi wọn ogún lóòró, ó sì dúró. Yánníbo lọ dúró sínú oko wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò nínú oko Ìjímèrè," ni Baba Etu wí fún un.

"Inú tiwa ni mo wà, bàbá. Ẹsẹ̀ kejì ni kò gbà."

Ebè kan ṣoṣo ló gba ilẹ̀ náà. Iṣu kan ni wọ́n jẹ ní ọdún yẹn. Ìyá Òkété fi omi gbígbóná wẹ ojú egbò Ìjàpá lójoojúmọ́ títí ó fi jinná, kò sì bá a wí. Ìjàpá fẹ́ kó bá òun wí, ó ì bá sàn.

Ìdí nìyẹn tí ìrù ahun fi rí ṣońṣó bẹ́ẹ̀, tó sì ń fi igbá ẹ̀yìn bò ó. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé bí iṣu bá ti ta, ẹ ó bá a ní ààlà oko olóko, ó na ọrùn wọlé, ó ń jẹ jẹ́jẹ́. Ebè kan kò lè bọ́ tọkọtaya.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi dé nìyẹn, ó ti jókòó. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí eyín méjì tó kù mí kù yìí má lè gé àkàrà mọ́. Bí òótọ́ bá ni, ẹ gbé àkàrà wá.