Ọjọ́ Tí Òkè-Arère Dọ̀bálẹ̀ Tí Kò Dìde

"Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn gan-an? Ta ni kò mọ̀? Ṣé orí ẹṣin ni wọ́n ń sùn ni, àbí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yàgbẹ́? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Òkè-Arère àtijọ́, nígbà tí òórùn iṣu sísun ṣì ń gbé aláìsàn dìde lórí ẹní. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀.

Ọba ìlú ni. Adégbìtẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lórí oyè, ojoojúmọ́ ló sì ń lọgun lórí ẹṣin funfun rẹ̀ pé: "Èmi àti ilẹ̀ ti kọ ara wa sílẹ̀! Ẹsẹ̀ mi ò ní kàn án mọ́ láyé!"

Ẹ̀yìn Oyèkúnlé, ìránṣẹ́ rẹ̀, ló fi ń fọ́nnu. Láti ìgbà tí Oyèkúnlé ti wà ní géńdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, tí ọba ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bọ́ sórí ẹní ààfin. Àkàbà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bíi dòjé, àmọ́ ó ń fara dà á, torí ó gbà pé orí òun ni ìyà náà yóò parí sí, kò ní kan ọmọ òun.

Òfin kan tún wà láti ọjọ́ tó ti gorí oyè: ẹni tó bá pàdé ọba lórí ẹṣin, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí obìnrin kúnlẹ̀, títí ọba yóò fi ní, "Ẹ dìde." Ọbẹ̀ tó jóná nílùú náà kò lóǹkà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ọba tẹ ẹ̀yìn Oyèkúnlé, eegun dún kẹ̀kẹ̀.

"Àkàbà ti gbó," ọba wí. "Láti ọ̀tunla, Akínwándé ọmọ rẹ ni kó máa wá bẹ̀rẹ̀."

Akínwándé alágbẹ̀dẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó! Nírọ̀lẹ́, Oyèkúnlé ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn.

"Òfin ní ká dọ̀bálẹ̀," ló ń sọ. "Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Níbo ló ti ní dandan ni ká dìde?"

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ fún ọba nígbà ìkẹyìn, ó sì tẹ̀ lé e. Bí ẹṣin ti dé ìdí igi arère, ìlú tẹ́ bẹẹrẹ níwájú, ó tẹ́ bẹẹrẹ lẹ́yìn.

"Ẹ dìde!"

"Kábíyèsí, ọ̀wọ̀ yín ò tíì tó!" ìlú dáhùn.

"Mo ní ẹ dìde!"

"Ẹ má bínú, bàbá," Ìyá Ajíbọ́lá, arúgbó eléèlùbọ́, dáhùn. "Orúnkún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ni."

Ọba wẹ̀yìn, kó pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Ilẹ̀ làwọn náà wà, tàwọn ti kùmọ̀. Ó na ẹṣin lẹ́gba. Ẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan, kò ríbi gbé e sí, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Oòrùn kan àtàrí.

"Àkàbà! Wá bẹ̀rẹ̀!"

"Mo wà níbí, Kábíyèsí. Mo ti dọ̀bálẹ̀."

Ẹṣin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo gbogbo ìlú. Ó ká orúnkún, òun náà dọ̀bálẹ̀.

Gbì! Ìdí ọba ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Ìyá Ajíbọ́lá ló gbórí sókè. "Háà! Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀!" Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹsẹ̀ ni ọba fi rìn jáde nílùú, kò sì padà. Akínwándé padà sídìí iná alágbẹ̀dẹ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn àgbà ṣì ń mu ẹmu lábẹ́ igi arère náà, wọ́n ń ṣàfẹ́rí ọjọ́ yẹn bí ẹni ń ṣàfẹ́rí ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ọjọ́ náà mà dùn o! Èmi ni mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀."

"Irọ́ ńlá! Èmi ni!"

Ariwo pọ̀. Wọ́n yíjú sí Oyèkúnlé, tó fi ọ̀pá ti ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá Akínwándé, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí."

"Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, òótọ́ ni," ló wí. "Gbogbo yín náà lẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣáájú ọjọ́ náà."