Ẹ̀gà àti Ìkòkò Títayọ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó dá lórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò àti Ẹ̀gà ẹlẹ́nu dídùn.

Ní ìlú wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: "títayọ". Ohun tó bá dára, wọ́n á ní ó dára. Èyí tó bá ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, òun nìkan ni títayọ. Bí ìkòkò ni, àgbà amọ̀kòkò á kọ́kọ́ fi ìka lù ú, á tẹ́tí sí i. Ẹ̀gà ní tirẹ̀ kì í tẹ́tí. Ewúrẹ́ sín, Ẹ̀gà ní, "Ó tayọ!" Ọ̀lẹ yán, Ẹ̀gà ní, "Ó tayọ!"

Ọ̀dá wá dá. Odò gbẹ, kànga gbẹ. Omi tó kù ń kán lára àpáta kan, tó, tó, tó. Ọba ní kí Àwẹ̀ró mọ ìkòkò ńlá tí wọn yóò gbé sábẹ́ rẹ̀. Ahọ́n ọmọ Àwẹ̀ró gan-an ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.

Àwẹ̀ró mọ ìkòkò kan. Ẹ̀gà ní, "Ó tayọ!" Inú Àwẹ̀ró dùn, kò fi í han ìyá rẹ̀ tó jẹ́ àgbà amọ̀kòkò. Wọ́n gbé e sábẹ́ àpáta. Pàá! Ìkòkò fọ́, omi dànù.

Ó mọ òmíràn. Ẹ̀gà ní, "Èyí gan-an ló tayọ!" Wọ́n gbé e lọ. Pàá! Àwọn ọmọ bú sẹ́kún.

Ó mọ ẹ̀kẹta. "Ó tayọ!" Àwẹ̀ró di etí. Kó tó sun ún, ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Màmá lù ú, ó dún kọ̀.

"Ọmọ mi, ó dára, àmọ́ kò tayọ. Òkúta wà nínú amọ̀ rẹ. Fọ́ ọ, kí o tún un gún."

Ẹ bá mi gbè é o:

Amọ̀ mi, gún kúnná o,
Jáńtó!
Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi,
Jáńtó!
Ìyìn Ẹ̀gà ò gba omi dúró,
Jáńtó!

Ó gún un, ó ṣa òkúta inú rẹ̀, ó mọ ọ́n, ó sun ún. Màmá lù ú. Gbọ̀ọ̀ọ̀ìn! Ohùn náà kọjá oko, ó kọlu àpáta, ó padà wá. Màmá tí kò pe nǹkan kan ní títayọ láti ogún ọdún kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, èyí tayọ."

Ọjọ́ méje ni omi fi kán sínú rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò jò. Ọmọ Àwẹ̀ró mu, gbogbo ìlú mu.

Ẹ̀gà sáré dé, ó ń ké, "Ó tayọ! Ó tayọ!" Òtítọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹnì kan kò bojú wò ó.

Ẹ̀kọ́ ààlọ́ mi rèé: ẹni tó ń pe gbogbo nǹkan ní títayọ, lọ́jọ́ tí títayọ bá dé, kò ní rí ọ̀rọ̀ fi kí i.