Ìlà tí Ìyá Mi Fà Kọjá

Àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹkùn ìdìbò kan náà ni àwa ará Ìdí-Ìyeyè, Òkè-Àgbọn àti Ìlágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n Ìlágbẹ̀dẹ nìkan ló ń wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí pé àwa àti Òkè-Àgbọn kì í gbà fún ara wa.

Lọ́dún tí a ń tò sẹ́yìn fọ́tò olùdíje láti dìbò, ìyá mi rí i pé ìlà Ìlágbẹ̀dẹ ló gùn jù. Ó bá kó àwọn ènìyàn wa lọ sẹ́yìn fọ́tò ọmọ Òkè-Àgbọn.

Ẹ̀gbọ́n mi Adégoróyè, tó ń díje fún wa, ní: "Ìyá, èmi ọmọ yín ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ nìkan fẹ́ dúró ti fọ́tò ni? Wá tò sẹ́yìn mi."

Ó tò. Òkè-Àgbọn wọlé.

Nígbà ìdìbò tó tẹ̀ lé e, ìyá mi dé ìdí fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, kò ráyè níwájú. Àwọn ará Òkè-Àgbọn ti tò síbẹ̀ láti ìdájí.