Abíọ́nà Akọ̀pẹ Tí Oorun Kọ̀ Sílẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló dé tí ẹ ń dáhùn bí ẹni tí kò jẹun? Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ́n-ẹ̀n, ó kù díẹ̀ kó dára. Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó ta igbà mọ́ ọ̀pẹ, ó gùn ún dókè, kò já bọ́, ó dá lórí Abíọ́nà akọ̀pẹ, ọkùnrin tí oorun kọ̀ sílẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹran àti ènìyàn ṣì ń sọ èdè kan náà, Abíọ́nà ń gbé ní Abà Ọ̀pẹ́yẹ. Iṣẹ́ ọ̀pẹ kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ igbà, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Okùn líle tí akọ̀pẹ ń so yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká ni. Akọ̀pẹ tí kò ní igbà, àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́ ni. Bí Abíọ́nà bá ti ta igbà tirẹ̀ báyìí, fàì, fàì, fàì, ó ti dókè. Yóò gé ìdì ẹyìn, gbì, ó ti balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fágbohùn jọ wà lóko, oníkálùkù lórí ọ̀pẹ tirẹ̀. Ni igbà Fágbohùn bá já, pàù! Fágbohùn ré lulẹ̀. Kò kú o, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ kán. Abíọ́nà ló pọ̀n ọ́n wálé.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni oorun ti sá fún Abíọ́nà. Bó bá pajú dé, pàù! ni yóò gbọ́ létí. Yóò fò dìde jókòó, òógùn yóò bò ó. Ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń hanrun, Ìgè ọmọ rẹ̀ ń hanrun, ajá pàápàá ń hanrun, òun nìkan ló lajú sílẹ̀ rangandan. Ni yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin pe oorun. Ẹ máa gbè é pé "Rọra máa bọ̀." Ẹ má pariwo o, oorun ni à ń pè.

Oorun, oorun, níbo lo gbà?
*Rọra máa bọ̀.*
Mo tẹ́ní sílẹ̀, ẹní tutù.
*Rọra máa bọ̀.*
Ojú ń ta mí, kò fẹ́ pa dé.
*Rọra máa bọ̀.*
Bí o bá pẹ́, ọ̀pẹ á jù mí nù.
*Rọra máa bọ̀, oorun, rọra máa bọ̀.*

Oorun kò bọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán, tí àwọn yòókù ń lọ sóko, ìgbà yẹn gan-an ni oorun burúkú kan yóò wá gbé e. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ti fèrèsé, yóò sùn nínú òkùnkùn títí ọ̀sán gangan. Bó bá jí, orí rẹ̀ yóò wúwo, ara rẹ̀ yóò rọ, yóò sì wá fa ara rẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀pẹ.

Ohun tí a ń sá fún kò ní ṣaláì ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí ọ̀pẹ ni òògbé ti gbé e. Orí rẹ̀ lọ síwájú, gọ́lọ́. Orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, gọ́lọ́. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wálẹ̀ fìì, ó gúnlẹ̀ ṣàkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Baba Ṣówándé, olórí àwọn akọ̀pẹ.

Baba Ṣówándé pariwo, "Abíọ́nà! Sọ̀ kalẹ̀ kíá!"

Abíọ́nà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣé o ò tòògbé lókè yẹn?"

"Mo tòògbé, Baba. Ẹ jọ̀wọ́."

"O mọ òfin wa. Ẹni tó bá tòògbé lórí ọ̀pẹ, a ó gba igbà rẹ̀, kò ní gun ọ̀pẹ mọ́ láyé. A kò fi ṣe ìkà. Òkú la kò fẹ́ gbé."

"Baba, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀. Òun ni mo fi ń bọ́ ìyàwó, òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ fún mi láyè kí n wá oorun mi lọ."

Baba Ṣówándé wò ó títí, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Ó dáa. Òṣùpá yìí ti ń kú lọ. Ìrọ̀lẹ́ tí tuntun bá lé, a ó wá sílé rẹ. Bí a bá bá ọ lójúfò, a ó gba igbà."

Abíọ́nà gbọn eruku àyà rẹ̀ nù. Ó ní, "Màá wá a rí, ibi yòówù kó wà."

Ó dé ilé, ó ronú. Ta ló mọ oorun sùn jù nínú abà yìí? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àwọn adìẹ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, adìẹ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Yóò fò sórí igi, ó ti sùn nìyẹn. Kì í ṣe bíi ti ẹ̀yin tí a óò máa bẹ̀. Abíọ́nà bá dìde, ó di ọ̀dọ̀ Àkùkọ àgbà.

Ṣùgbọ́n ohùn Àkùkọ ti há. Kò lè kọ mọ́, wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí bí a bá yọ ohùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ tiwa, àlọ́ àpamọ̀ lásán ló kù.

"Baba Àkùkọ, ẹ kú ìjókòó. Oorun kọ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?"

Àkùkọ na ọrùn, ó ní wúyẹ́, "Oorun lo n bi oorun."

Abíọ́nà pàtẹ́wọ́. "Òórùn! Òórùn ló ń bí oorun! Ẹ ṣé, Baba." Kò dúró gbọ́ èkejì, ó ti lọ.

Ó já efinrin, ó fi sábẹ́ orí. Ó já ewé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Kò tó o lójú. Ó gbé irú wọ yàrá, irú tó ti ń rùn dáadáa. Kò tó o lójú. Òórùn wo ló wá ju ti òbúkọ lọ? Ó fa Òbúkọ wọlé, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àpótí.

Òbúkọ bi í pé, "Abíọ́nà, kí ni iṣẹ́ mi níbí?"

"Ìwọ sáà máa rùn."

"Ìyẹn ò le fún mi," ni Òbúkọ wí, ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́.

Hàṣìn! Àwẹ̀ró sín. Hàṣìn! Ìgè sín. Àwẹ̀ró ká ẹní rẹ̀. Ó ní, "Baba Ìgè, èmi àti òbúkọ yìí, ẹ yan ọ̀kan."

"Ìyá Ìgè, ṣe sùúrù. Oorun ń bọ̀ lọ́nà."

"Ẹ kí i fún mi bó bá dé," ni Àwẹ̀ró fi lọ sùn sí ilé ìdáná.

Òbúkọ sùn fọnfọn. Abíọ́nà kò sùn. Ó tún gbé orin rẹ̀, ẹ bá mi gbè é:

Oorun, oorun, òórùn ti dé.
*Rọra máa bọ̀.*
Òbúkọ ń hanrun, èmi ń wo àjà.
*Rọra máa bọ̀, oorun, rọra máa bọ̀.*

Ilẹ̀ mọ́. Ó pa dà sọ́dọ̀ Àkùkọ. "Baba, òórùn kò bí oorun o."

Àkùkọ mirí títí. Ó na ọrùn, ó ní wúyẹ́, "Oorun lo n bi oorun."

Abíọ́nà gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Èmi òpè! Oorun ló ń bí oorun! Ẹni tí kò ní èbù, báwo ni yóò ṣe kó iṣu? N ó lọ gbin oorun, n ó gbìn ín kó pọ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó dùbúlẹ̀. Ó sùn díẹ̀, ó jí díẹ̀, ó yí gbìrì sí ọ̀tún, ó yí gbìrì sí òsì. Kò jáde ní àárọ̀, kò jáde lọ́sàn-án. Ọmọńlé tó wà lára ògiri na orí.

"Abíọ́nà, ara rẹ ò yá ni?"

"Mò ń gbin oorun."

Ọmọńlé rẹ́rìn-ín, kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. "O gbìn ín lọ́sàn-án, o sì ń jẹ ẹ́ tán lọ́sàn-án. Kí ni yóò kù fún alẹ́?"

"Dákẹ́ jàre, ìwọ tí o ò ní igbà tí wọ́n fẹ́ gbà."

Alẹ́ lẹ́, ojú rẹ̀ là bí ojú òwìwí. Ọ̀sẹ̀ yí lọ, òṣùpá tín-ín-rín bí èékánná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn akọ̀pẹ méjì ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀kan ní, "Tí wọ́n bá gba igbà Abíọ́nà tán, àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ tó wà létí odò yẹn, èmi ni n óò máa kọ wọ́n." Èkejì ní, "Kí á pín wọn."

Ọ̀rọ̀ náà gún Abíọ́nà lọ́kàn bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ó fò dìde. "Ọ̀pẹ ta ni? Wọ́n ò tíì gbé mi sin, wọ́n ti ń pín ogún!" Ó ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, ó gba ọ̀dọ̀ Àkùkọ lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó pẹ̀lẹ́mù síwájú rẹ̀. Ó ní, "Baba, lónìí, n kò ní lọ títí ọ̀rọ̀ yín yóò fi yé mi."

Àkùkọ ní wúyẹ́, "Oorun lo n bi oorun."

"Ẹ tún un sọ."

"Oorun lo n bi oorun."

"Baba, ẹ ya ẹnu." Abíọ́nà bojú wo ọ̀fun Àkùkọ. Kí ló rí níbẹ̀? Fọ́nrán ẹyìn ni, èyí tí Àkùkọ gbé mì níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, tó há gádígádí. Abíọ́nà fi ìka méjì mú un, ó fà á, fààà! Ó yọ.

Àkùkọ wúkọ́, hú-hú-hú. Ó gbọn ìyẹ́, pa-pa-pa. Ó wá ké, "Kékéréééékèèè! Oòrùn ni mo wí! Oòrùn! Èyí tó ń yọ láàárọ̀! Oòrùn ló ń bí oorun! Kí lo wá ń fi òbúkọ ṣe?"

Ojú ti Abíọ́nà, ẹ̀rín sì ń pa á.

Àkùkọ ní, "Bá oòrùn jí. Jẹ́ kó rí ojú rẹ kó tó rí ti ẹlòmíràn. Ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, má dùbúlẹ̀ lójú rẹ̀. Bó bá wọ̀, kí ìwọ náà wọlé. Ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ sì wà, àbí?"

"Ó wà, Baba. Igbà tó já ni."

"Ojúmọmọ ni kí o ti wò ó. A kì í gbé igi oko wọ orí ẹní."

Abíọ́nà kọ́kọ́ lọ kí Fágbohùn níbi tó na ẹsẹ̀ sí. Ó bi í, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló já igbà rẹ?"

Fágbohùn mí kanlẹ̀. "Ó ti gbó. Mo rí i pé ó ti gbó. Mo ní kí n ṣáà lo ti ọjọ́ yẹn tán."

Abíọ́nà délé, ó yẹ igbà tirẹ̀ wò láti orí dé ìdí, ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ le koko. Ó fi kọ́ ara ògiri. Láti ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, yóò yẹ igbà wò. Bó bá ti fi kọ́, ó parí.

Ṣé ó wá rọrùn? Rárá o. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ó jáde, oòrùn gbá a lójú. Ọ̀sán pọ́n, ẹní ń pè é. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó mú ọkọ́, ó ń ro oko. Alẹ́ dé, oorun kò wá. Ó ní, "Má wá. Lọ́la náà, oòrùn á bá mi níta." Lọ́jọ́ kejì, oorun wá díẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i. Abíọ́nà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, kò kọrin mọ́. Ó kàn ń bá oòrùn jáde, ó ń bá oòrùn wọlé. Àwẹ̀ró gbé ẹní rẹ̀ pa dà.

Ìrọ̀lẹ́ pé tí òṣùpá tuntun lé. Baba Ṣówándé kó àwọn akọ̀pẹ lẹ́yìn, wọ́n ń bọ̀, gìrì, gìrì, gìrì. Àwẹ̀ró pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káalẹ́, Baba. Ó ti sùn."

"Oorun wo? Apirọrọ ni. Ó mọ̀ pé à ń bọ̀ ni."

Wọ́n wọlé. Abíọ́nà nà gbọọrọ sórí ẹní, òkèlè kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì jẹ. Baba Ṣówándé gbé ohùn sókè. "Abíọ́nà! Igbà rẹ rèé, mo ti gbà á o!" Ó yọ ọ́ lára ògiri, ó wọ́ ọ nílẹ̀ ṣàràràrà kọjá létí rẹ̀.

Àwẹ̀ró fẹ́ jí ọkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó tún fà á pa dà, omi lé ròrò sí i lójú.

Baba Ṣówándé ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú igbà. "Mò ń lọ o! Ó di gbére!"

Abíọ́nà yí gbìrì, ó fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Hòòòn, fíí. Hòòòn, fíí.

Baba Ṣówándé dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹni tí à ń gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ lọ tí kò mira, oorun òdodo nìyí." Ó rọra pa dà, ó gbé igbà kọ́ ibi tó ti yọ ọ́. Ó yíjú sí àwọn akọ̀pẹ, ó fi ìka kan ètè.

"Ẹ yọ́ jáde. Ẹni tó bá wúkọ́ nínú yín, igbà tirẹ̀ ni n ó gbà."

Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí rèé. Ó kọ́ wa pé àárọ̀ la ti ń wá oorun alẹ́, kì í ṣe orí ẹní. Ó sì kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò bá yé ọmọdé, kó tún un bi, kó má sá lọ ní àbọ̀. Bí irọ́ ni mo pa, kí ẹní gbóná mọ́ mi lẹ́yìn lálẹ́ òní. Bí n kò bá purọ́, kí èmi àti ẹ̀yin sùn, kí a jí ire.