Eegun Tín-ín-rín Abẹ́ Ojú

Ọkùnrin kan wà tó ń fi òjìji mọ eegun, Àjàgbé ọmọ mi.

Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwòrán inú orí aláìsàn ní ìpele ìpele, bí ìgbà tí èèyàn ń gé búrẹ́dì, àfi pé kò sí ọ̀bẹ tó kan ẹnikẹ́ni. Àwòrán wọ̀nyẹn kò ní àwọ̀ kankan àyàfi funfun, dúdú, àti oríṣiríṣi eérú tó wà láàárín wọn. Bí ọkùnrin yìí bá tò wọ́n léra lórí kọ̀ǹpútà, tó ń gba inú wọn kọjá, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń rìn nínú kùrukùru òwúrọ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, á tún pòórá, eyín á tàn bí ìràwọ̀, á sì lọ.

Kọ̀ǹpútà kò lè dá eegun mọ̀. Ọkùnrin náà ló gbọ́dọ̀ fàlà fún un, kó sọ pé, láti orí eérú báyìí lọ sókè sí funfun, eegun ni. Èyí tó bá dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi í sílẹ̀. Nígbà náà ni kọ̀ǹpútà á ta àwọ̀n wẹ́wẹ́ onígun mẹ́ta sí ojú ààlà yẹn, láti ìpele kan dé ìkejì, títí orí èèyàn á fi dúró lójú kọ̀ǹpútà náà, tí dókítà lè yí i sọ́tùn-ún sósì kó tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ohun tó mọ́ tónítóní. Bí ààlà bá wálẹ̀, ẹran ara díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ eegun, èérún á máa léfòó káàkiri bí eruku nínú oòrùn. Ìyẹn máa ń bí i nínú. Nítorí náà, ó máa ń gbé ààlà sókè.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin kékeré kan wá tó já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Ojú òsì rẹ̀ wú. Ọkùnrin náà mọ orí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó dán, ó mọ́. Ṣùgbọ́n ihò wà nínú eegun tó gbé ẹyin ojú òsì dúró. Ó fi han dókítà obìnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

"Mà, eegun ibẹ̀ ti lọ. Irin lẹ máa fi dí i."

Ìyá ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì. "Ṣé ẹ fẹ́ fi abẹ kan ojú ọmọ mi ni?"

Dókítà rọra ń yí orí náà lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gá Onímọ̀ọ́tótó, ihò wà lápá ọ̀tún náà o. Àbí ojú méjèèjì ló fi ṣubú ni?"

Ọkùnrin náà padà sínú àwọn ìpele, ó gbà wọ́n kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Eegun náà wà níbẹ̀. Ó tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, ó ṣe bàìbàì bí eérú, kò dé orí ààlà. Síbẹ̀ ó ń bá a lọ láti ìpele dé ìpele, kò já níbì kankan. Ó rẹ ààlà sílẹ̀. Eruku padà wá. Ẹran ara lẹ̀ níbí, ó lẹ̀ lọ́hùn-ún. Ihò méjèèjì sì padé. Wọn kò fi abẹ kan ọmọ náà. Ojú tó wú rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àjàgbé, o sọ fún mi pé kò sí ìfẹ́ lọ́kàn Oyèníyì àbúrò rẹ, nítorí pé kò wá síbi ìsìnkú bàbá yín. Ó dùn mí pé kò wá. N kò ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ibi tí o fa ààlà rẹ sí ga jù. Ta ló ń fá irùngbọ̀n bàbá yín nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ta ló ń pè mí láràárọ̀, tí kò mọ ohun tí yóò sọ, tí á kàn ní, "Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìfẹ́ ọmọ yẹn kò funfun. Ó tín-ín-rín. Ohun tó tín-ín-rín kì í ṣe ohun tí kò sí.

Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè lọ kí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà báyìí. Oyèníyì bi mí lánàá bóyá wàá gbé fóònù bí òun bá pè ọ́. Mo ní kó pè. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, gbé e.