Eérú Ọṣẹ Àṣàkẹ́

Ọmú kan náà ni Ọdẹ́wùmí àti Àjàdí jọ mu dàgbà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú tí wọ́n sì pín oko rẹ̀, inú Ọdẹ́wùmí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n kò mọ́ sí àbúrò rẹ̀ mọ́. Àbàtà kan ló wà láàárín oko méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àwọn ìmàdò ń gbé. Bàbá wọn ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Ìmàdò tí a kò bá yọ lẹ́nu, ojúmọmọ ló ń jẹ̀, a sì máa sùn lóru bí ọmọ ènìyàn. Bó bá sún mọ́ ebè, kí àgbẹ̀ ṣáà ti fi òkúta lu ọkọ́, yóò sá padà.

Lọ́dọọdún, ẹni tí iṣu rẹ̀ bá dára jù ni Baálẹ̀ ń yàn láti gbé iṣu tuntun wọ̀lú. Àjàdí ni wọ́n sì máa ń yàn. Owú yìí ń jẹ Ọdẹ́wùmí lọ́kàn. Ó ń jowú iṣu Àjàdí, ó ń jowú ẹ̀rín rẹ̀, kódà ó ń jowú bí ajá rẹ̀ ṣe sanra.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, iṣu Ọdẹ́wùmí náà ta dáadáa. Ó rí i pé òun lè borí, bí nǹkan kan bá ṣáà ti ṣe ti àbúrò òun. Ó wá rò ó pé bí òun bá lé àwọn ìmàdò kúrò lápá ọ̀dọ̀ òun, ibo ni wọ́n máa gbà bí kò ṣe oko Àjàdí?

Àṣàkẹ́ ìyàwó Ọdẹ́wùmí nìkan ló ń se ọṣẹ dúdú lábà wọn, eérú sì pọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Eérú yìí ni Ọdẹ́wùmí ń bù, tó ń po ata gbígbẹ mọ́, tó ń lọ dà sínú ẹrẹ̀ tí àwọn ìmàdò ń yí nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀ sí i lójú, ó ń nù ún, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

“Bàbá Ìgè, ta ló ń kó eérú ọṣẹ mi?” Àṣàkẹ́ bi ọkọ rẹ̀.

“Bóyá adìẹ ló ń tàn án nù.”

“Adìẹ wo ló ń fi apẹ̀rẹ̀ kó eérú?”

Ọdẹ́wùmí gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba oko lọ.

Kò pẹ́, wọn kò rí ìmàdò kankan lọ́sàn-án mọ́. Àràárọ̀ ni Ọdẹ́wùmí ń yọjú sí oko àbúrò rẹ̀ bóyá àwọn ìmàdò ti hú u, ṣùgbọ́n ebè Àjàdí pé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àjàdí wá bá a.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi ò balẹ̀ o. Nǹkan kan ti dẹ́rù ba àwọn ẹran yẹn. Bí wọn ò bá jẹ̀ lọ́sàn-án, òru ni wọ́n á jẹ̀. Mo ti ń dáná sí ahéré sùn báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣọ́ oko wa.”

Owú kò jẹ́ kí Ọdẹ́wùmí gbọ́ ìmọ̀ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìgbéraga ló gbọ́.

“Máa ṣọ́ tìrẹ,” ó ní. “Ṣé ìwọ ni o máa kọ́ mi níṣẹ́ tí bàbá wa kọ́ mi kí wọ́n tó bí ọ?”

Ó lọ sùn nílé.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Baálẹ̀ wá wo iṣu, òun àti Àṣàkẹ́ lọ sóko láàárọ̀. Gbogbo ebè ti wó. Àwọn ìmàdò ti yà fún iná Àjàdí, wọ́n sì wá síbi tó ṣókùnkùn. Kò sí iṣu kan tó ṣẹ́ kù tó ṣeé fi han Baálẹ̀. Ọdẹ́wùmí jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹrẹ̀ tí àwọn ẹran náà fi ara nù sára igi tí iṣu gùn. Eérú ló funfun nínú rẹ̀, pẹ̀lú hóró ata. Ipasẹ̀ wọn náà funfun, láti àbàtà títí dé ibi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí.

“Bàbá Ìgè,” ó ní, “eérú ọṣẹ mi rèé.”

Àjàdí ti rí ìparun náà láti ahéré rẹ̀, ó sì ń gbé iṣu bọ̀ léjìká láti fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́dùn. Ó gbọ́ ohun tí Àṣàkẹ́ sọ. Ó wo ẹrẹ̀ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rọra sọ iṣu kalẹ̀, ó sì padà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti sọ ọ́ dòwe pé: ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.